Oore Tí Òkú Kò Ṣe

Òkúta ibojì ni ọkùnrin yìí ń tà: mábù dúdú, mábù funfun àti aláwọ̀ eérú, tí wọ́n ń gbẹ́ orúkọ òkú sí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Bó ṣe ń wá oníbàárà ló ń rí ni lára. Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà á, ọ̀rẹ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ lè máa rìn ọ́ kí a tó parí rẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní Ara-fẹ́ra-kù. Ìkíni ọlọ́fọ̀ ni, kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti yọjú, àwọn ọ̀rẹ́ á ní, "Ara-fẹ́ra-kù ti dé o! Ta ló tún kú?" Òun náà á rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú, torí òun ló ń gbé oúnjẹ wá sílé.

Láàárọ̀, kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì ọ́fíìsì rẹ̀, á po tíì, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á wọ ojú òpó kan lórí ayélujára tí àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ti máa ń mọ ara wọn. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà wà níbẹ̀. Kálukú á gbé àwòrán rẹ̀ tó dára jù síta, pẹ̀lú táì lọ́rùn; á kọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ipò tó dé àti ilé ẹ̀kọ́ tó lọ. Àwọn kan ń wá iṣẹ́ níbẹ̀, àwọn kan ń wá ẹni tí wọn á jọ dòwò pọ̀. Ara-fẹ́ra-kù, ọlọ́fọ̀ ló ń wá ní tiẹ̀.

Á tẹ ọ̀rọ̀ bíi "bàbá mi ti lọ sinmi" tàbí "ẹ ṣeun fún àdúrà yín lásìkò yìí," orúkọ á sì máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Á kọ́kọ́ wo ipò ẹni náà níbi iṣẹ́, kí ó lè mọ irú òkúta tí apá rẹ̀ ká. Bó bá jẹ́ máníjà, mábù dúdú ni. Bó bá jẹ́ akọ̀wé kékeré, símẹ́ńtì tí wọ́n lẹ táìlì mọ́ náà á ṣe é. Lẹ́yìn náà á wá iṣẹ́ tí òkú ṣe nígbà ayé rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìdọ̀tí ọ̀rọ̀ yìí wà.

Oore ló máa ń hùmọ̀ mọ́ òkú. Bí òkú bá jẹ́ tíṣà, á kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ pé, "Bàbá yín ló fún mi ní ìwé àkọ́kọ́ tí mo ní láyé mi." Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, "Ọwọ́ mọ́mì yín ni Ọlọ́run fi dá ẹ̀mí mi sí." Kò rí ẹnì kankan nínú wọn rí. Kò sì ní dárúkọ òkúta lọ́jọ́ náà. Á dúró kí ọlọ́fọ̀ dá a lóhùn, kí wọ́n jọ sunkún díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, kí ó tó wá fi ọ̀wọ̀ béèrè pé kí ni wọ́n ń gbèrò láti ṣe sórí ibojì olóore òun.

Ó tilẹ̀ kọ́ àwọn oníṣòwò mìíràn ní ọgbọ́n náà. "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò," ló máa ń wí fún wọn, wọ́n á sì máa pàtẹ́wọ́. Kò rántí pé àwọn àgbà kan náà ló sọ pé pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbóòórùn ìdọ̀tí náà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n obìnrin náà kú, ọkọ rẹ̀ jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó mi. Ẹni rere ló lọ."

Obìnrin náà gbójú sókè wò ó. "Ṣé tèmi nìyẹn," ó bi í, "àbí ti àwọn oníbàárà yín?"

Ó ti ta pẹ̀lẹ́ títí, kò ku ẹyọ kan tó lè fún ìyàwó ara rẹ̀.

Má sì rò pé kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń lọ déédéé, ibi tó ti lè gbọ́ ìkéde dáadáa ló sì máa ń jókòó sí. Ọkùnrin kan tó ń ta awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ọ́fíìsì rẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ Jésù lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ ń lo omi ẹ̀rọ kan náà. Bí aláwò ojú bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìgbàlà, Ara-fẹ́ra-kù á fẹ̀yìn ti ògiri, á ní, "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá kú nínú ìjọ yín, jọ̀ọ́, ta mí lólobó."

"Jésù náà dé ibojì rí," ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ó sunkún níbẹ̀, ó sì pe òkú náà jáde láàyè. Kò ta nǹkan kan fún wọn."

Ara-fẹ́ra-kù rẹ́rìn-ín débi pé tíì dà sí i láyà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló rí obìnrin kan lórí ojú òpó náà, ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ omi, ọ̀gá lórí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tó kọ kò gùn rárá: "Bàbá mi kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Awakọ̀ akẹ́rù ni. Mi ò ní sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì." Kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹlòmíràn ì bá ti fura. Ọmọ tí kò fi ọ̀rọ̀ dídùn kan ṣoṣo kún orúkọ bàbá rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kú, ó ní ohun tó wà níkùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò obìnrin náà ni Ara-fẹ́ra-kù ń wò. Ó rò pé ìbànújẹ́ ló gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì fọwọ́ lé iṣẹ́. Ohun tó kọ sí i nìyí:

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, mà. Mo wà lọ́mọdé, òjò ń pa mí lójú títì, ni bàbá yín bá dá ọkọ̀ wọn dúró. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù wọn, wọ́n fi bò mí, wọ́n fún mi ní búrẹ́dì wọn jẹ. Títí wọ́n fi gbé mi délé, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin wọn ni wọ́n ń sọ ṣáá. Mi ò ní gbàgbé wọn láé."

Gbólóhùn tó kan ọmọbìnrin yẹn, ó kàn fi kún un ni, bí ẹni tó bu iyọ̀ díẹ̀ sí ọbẹ̀ tó ti dùn tẹ́lẹ̀.

Obìnrin náà kò dá a lóhùn lórí ẹ̀rọ. Ọ́fíìsì Ara-fẹ́ra-kù, tó rí àdírẹ́sì rẹ̀ lójú òpó náà, ló gbà wá. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀ tààrà, amọ̀ wà ní bàtà rẹ̀, ó fi akoto iṣẹ́ há abíyá. Ó dúró láàárín àwọn òkúta àfihàn, kò wo ọ̀kan nínú wọn.

"Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí mi?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Kí ni wọ́n sọ nípa mi?"

Níbẹ̀ ló yẹ kí ó ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ti mọ́ ọn lára bí aṣọ. Ó rántí ohun tó kà lójú ewé obìnrin náà lórí ojú òpó yẹn: ẹ̀bùn ìṣirò tó gbà nílé ẹ̀kọ́. Ó ní, "Wọ́n ní orí yín pé gan-an, mà. Wọ́n ní kò sí ìṣirò tí ẹ ò mọ̀."

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Ẹkún tó bú sí pọ̀ débi pé agbẹ́-òkúta tó ń ṣiṣẹ́ nínú àgbàlá pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó wá yọjú wò wọ́n. Nígbà tí ara obìnrin náà balẹ̀ díẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ náà jáde. Bàbá náà máa ń lu ìyá òun. Ó ti lù ú ṣẹ́ lápá. Lọ́jọ́ kan ó gbé ọkọ̀ jáde, kò padà wá mọ́, kò sì fi ohunkóhun ránṣẹ́ sílé títí ó fi kú. Ìyá òun ni òun fẹ́ jókòó tì lọ́jọ́ Ẹtì, òun kò ní i lọ́kàn láti tẹ ẹsẹ̀ síbi ìsìnkú rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé ó tiẹ̀ rántí pé mo wà láyé," ó ní. "Gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n, èébú ni wọ́n ń bú u. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ ohun tó dáa nípa ẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ṣoṣo."

Kí lo rò pé Ara-fẹ́ra-kù ṣe? Ó mú ìwé àwòrán òkúta jáde. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ó ṣí i sí mábù dúdú, èyí tó wọ́n jù, ó sì ń fi áńkáṣíìfù nu ojú tó gbẹ. Ó ń kó mi nírìíra bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Obìnrin náà mú mábù dúdú. Ó ní nísàlẹ̀ orúkọ bàbá òun, kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀ pé: Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bo ọmọ ọlọ́mọ. "Màá mú ìyá mi wá," ó ní. "Wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ sétí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ eléyìí lẹ́nu yín."

Agbẹ́-òkúta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Irin rẹ̀ ń dún kọ́, kọ́, kọ́ lẹ́yìn ògiri, Ara-fẹ́ra-kù sì jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń wá ọlọ́fọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n tíì kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Irọ́ tó ń pa látẹ̀yìnwá, bó bá ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ ni ó ń gbàgbé rẹ̀. Eléyìí ni wọ́n ń gbẹ́ sára òkúta nínú àgbàlá tirẹ̀, ó sì ń gbọ́ ọ.

Ìyá náà dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Arúgbó kékeré kan ni, apá òsì rẹ̀ kò nà tán. Nígbà tó jókòó, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé apá náà lé itan, bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn gbé ẹrù.

"Ọmọ mi ní o mọ ọkọ mi," ó ní. "Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti òjò, ti ọkọ̀ akẹ́rù, ti ẹ̀wù àti ti búrẹ́dì. Ìyá náà ń wò ó, kò ṣẹ́jú. Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń retí kí inú ìyá òun yọ́.

"Ó bọ́ ẹ̀wù fún ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó fún ọ ní búrẹ́dì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ojú arúgbó náà yí padà. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí," ó ní, "ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ni pé ọkùnrin yẹn ò láàánú lára. Mo ní kò ní i ni, kì í ṣe pé ó fi dù wá. Àṣé ó ní i! Ó ní i, ó sì gbé e fún ọmọ tó rí lójú títì, nígbà tí àwa wà nílé tí ebi ń pa wá." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣẹ́ lápá. "Kí ni mo ṣe fún un? Ẹ bá mi bi í, kí lèmi ṣe fún un?"

Irin agbẹ́-òkúta ń dún lẹ́yìn ògiri.

Ara-fẹ́ra-kù dìde, ó ní òun fẹ́ bu omi wá. Kò dé ìdí omi. Ẹ̀gbẹ́ àwọn òkúta inú àgbàlá ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó bì títí kò fi sí ohun tó kù níkùn rẹ̀, èébì náà kò sì dáwọ́ dúró, torí kì í ṣe oúnjẹ ló ń rìn ín nínú. Ara rẹ̀ ló kó o nírìíra. Gbogbo pẹ̀lẹ́ tó ti tà láyé rẹ̀ ló ń rùn sí i nímú.

Aláwò ojú gbọ́, ó sáré gbé omi dé. "Kí ló dé?"

"Mo ti pa arúgbó kan," Ara-fẹ́ra-kù ní. "Ó ṣì jókòó sínú ọ́fíìsì. Ẹnu mi ni mo fi pa á." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó fi ọwọ́ ti òkúta bí ó ti ń sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sọ pé pẹ̀lẹ́. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé kò burú," ó ní. "Ó burú, ó ń rùn. Jésù bá àwọn kan wí nígbà ayé rẹ̀ pé ibojì tí wọ́n kùn lẹ́fun ni wọ́n: ó dára lóde, òkú ló kún inú rẹ̀. Ìwọ tí ò ń ta ibojì, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà nìyẹn."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ tó ń rùn báyìí gan-an ni Jésù gbé rù lórí igi àgbélébùú. Wọ́n tẹ́ Òun náà sí ibojì, wọ́n yí òkúta dí i, Ó sì jíǹde. Bá a sọ̀rọ̀. Sọ ọ́ bó ṣe rí, má fi dídùn kankan kún un."

Ara-fẹ́ra-kù kúnlẹ̀ nínú eruku mábù. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tì. Ohun tó rí sọ kò ju èyí lọ: "Jésù, irọ́ ni mí. Gbà mí."

Nígbà tó dìde, ó ní kí agbẹ́-òkúta dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ ti dé "Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀." Ó wọlé padà, ó kúnlẹ̀ síwájú arúgbó náà.

"Mọ́mì, irọ́ ni. Mi ò rí ọkọ yín rí láyé mi. Òjò kankan ò pa mí. Òkúta ni mo fẹ́ tà."

Ẹnjiníà dìde dúró. "Ti ìṣirò ńkọ́?"

"Lójú ewé yín lórí ayélujára ni mo ti kà á, mà."

"A jẹ́ pé kò rántí mi."

"Mi ò lè sọ, mà. Mi ò mọ nǹkan kan nípa wọn."

Obìnrin náà gbá a létí, akoto já bọ́ lábíyá rẹ̀, ó sì jáde, kò padà mú un. N kò ní dá a lẹ́bi, ìwọ náà má ṣe dá a lẹ́bi.

Arúgbó náà kò tíì dìde. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára nu ojú. Ó ní, "O ti rí ọjà tà. Ta ló ní kí o sọ òtítọ́?"

"Jésù ni, mọ́mì. Ẹ̀yìn yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkúta."

"Kí Jésù dárí jì ọ́ lónìí nígbà náà," arúgbó náà ní. "Èmi ṣì ń bínú." Ó gbé akoto ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí ènìyàn bá ń yí ọ̀nà padà, ilé ló ti ń kọ́kọ́ hàn. Nígbà tí Ara-fẹ́ra-kù délé lọ́jọ́ náà, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ." Ó sì jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Obìnrin náà wò ó títí, ó wá gbé orí lé e léjìká.

Ó kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó ti parọ́ mọ́ òkú wọn. Àwọn kan ṣépè. Àwọn kan fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn alákòóso ojú òpó náà, wọ́n sì ti ojú ewé rẹ̀ pa. Ọjà kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mábù dúdú tí wọn kò gbẹ́ tán yẹn, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, oníbàárà tó bá sì béèrè pé ta ló bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, á sọ ìtàn náà fún un láìfi ọ̀kan pamọ́.

Òkúta yẹn ni arúgbó náà bá níbẹ̀ nígbà tó padà wá. Ó ka ohun tó wà lára òkúta, ó kọjá lára rẹ̀, ó wọlé. Òkúta kékeré kan ló fẹ́, tí wọn á kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sí, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí i àti èyí tó kú. "Má kọ nǹkan mìíràn sí i," ó ní.

Ó wá sọ ohun kan tí Ara-fẹ́ra-kù kò ní gbàgbé. "Ọkùnrin tó wà nínú ìtàn rẹ yẹn, mi ò lè dárí jì í, torí mi ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó ṣẹ́ mi lápá, tó fi wá sílẹ̀, òun ni ọkọ mi. Òun ni mo dárí jì."

"Àǹtí ẹnjiníà ńkọ́, mà?"

"Ó ní kí n má kí ọ." Arúgbó náà fi orí tọ́ka síta. "Ṣùgbọ́n òun ló wà mí wá." Lóòótọ́, mọ́tò kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ rẹ̀ sì jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń wo iwájú, kò wo ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi tí ò ń ka ìwé yìí, ìwọ ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí o má ta òkúta rí. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin yìí rí ọ lára láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí a dé yìí. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ara rẹ náà dáadáa. Ta ni ẹni tí o gbé síta fún aráyé yẹn, tó ní táì lọ́rùn, tó ń rẹ́rìn-ín, tí gbogbo ènìyàn ń yìn? Ṣé ìyàwó rẹ mọ̀ ọ́n? Ṣé àwọn ọmọ rẹ ti rí i rí? Èké ò ní ká má lówó, ilẹ̀ dídà ò ní ká má dàgbà. Ọjọ́ àtisùn lẹ́bọ.

Ẹni tí o kùn lẹ́fun yẹn, Jésù kò kú fún un, torí kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìwọ gan-an ló kú fún: ìwọ tó purọ́, tó ṣẹ́ ẹlòmíràn lápá, tó mọ ohun tó ṣe tó sì ń dákẹ́. Ẹlẹ́ṣẹ̀ gidi ló ń wá, kí Ó lè fún un ní ìdáríjì gidi. Má dúró kí o tún ara rẹ ṣe kí o tó wá. Wá bí o ṣe rí yẹn, pẹ̀lú òórùn rẹ.

Má sì sọ pé ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kan, wọn yóò gbẹ́ orúkọ tìrẹ náà sára òkúta, wọn yóò sì wá ọ̀rọ̀ tó dùn kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn tó bá ń kọjá yóò máa kà á. Ọlọ́run kò ní ka òkúta náà. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò wò.

Gbé ìwé yìí sílẹ̀ níbi tí o wà, kí o kúnlẹ̀. Bí o kò bá mọ ohun tí o lè wí, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn nínú eruku mábù tó. Sọ ọ́ báyìí, lónìí: "Jésù, irọ́ ni mí. Gbà mí."